Oyin Tí Màámi Kò Lá

Àwọn ará ilé wa ní Agbowó máa ń bi mí pé kí gan-an ni mò ń kọ́ ní yunifásítì tí kò tán bọ̀rọ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé mò ń ṣe kẹ́míkà tó máa ń tan iná tó bá ti rí ṣúgà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n lọ fi ìyẹn tan ọmọdé jẹ. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lórí ẹ̀, nínú lábù tí omi ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ, ohun tí mo sì rí kó jọ nínú gbogbo ẹ̀ kò ju ṣíbí ìmùkọ méjì lọ.

Bọrọ́níìkì ásíìdì ni wọ́n ń pe ìdílé tí kẹ́míkà náà ti wá. Ìwà kan náà ni gbogbo wọn ní: wọ́n fẹ́ràn ṣúgà. Ẹ dà wọ́n sínú omi tí ṣúgà wà, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọn ò ní fẹ́ tú u sílẹ̀. Èyí tí mo ṣe tèmi, mo so nǹkan tó ń tàn mọ́ ọn lára. Tí kò bá tíì rí ṣúgà dì mú, òkùnkùn ni. Tó bá ti dì í mú, tí mo bá wá tan tọ́ọ̀ṣì àlùkò sí i, irú tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò, omi inú ìgò á tàn ní búlúù. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Àwọn ọ̀gá mi rò pé nítorí oyè ni mo ṣe ń ṣe é. Màámi ni mo tìtorí wọn ṣe é.

Aránṣọ ni Màámi. Ní Bódìjà ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n sì ń rán jù, lórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìró máṣíìnì yẹn mọ inú wọn. Tí wọ́n bá ń bínú, á máa sáré. Tí inú wọn bá dùn, á máa lọ jẹ́jẹ́, wọ́n á sì máa fi ohùn kékeré kọ wákà sí i.

Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn jà kí n tó gba oyè àkọ́kọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa gún ìka wọn, kí wọ́n máa fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹ ṣúgà ara wọn wò. Màámi kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ mẹ́rin, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà wọ́n. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ tó bá ń lọ sínú aṣọ, mo mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń bọ̀ lára tèmi, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n." Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo sì bínú títí. Èmi náà kì í pẹ́ bínú. Nílé bàbá mi, wọ́n máa ń sọ pé ata la fi wẹ̀ mí ní ọjọ́ kẹjọ.

Nígbà tí kẹ́míkà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, mo ní ó dáa, ẹ máa tọ̀ sínú ìgò fún mi. Tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń ṣàn wọ inú ìtọ̀, kẹ́míkà mi á sì rí i níbẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá yà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ti fi nálọ́ọ̀nù dúdú wé ìgò kékeré kan fún mi bí ẹni fún ọmọ ní oúnjẹ iléèwé. Màá kán kẹ́míkà sí i lójú wọn, a ó ṣíjú aṣọ bo orí àwa méjèèjì kí ó lè ṣókùnkùn, màá sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i, wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Sùbùhánálláhì. Ara tèmi ló ti jáde wá yìí?" Wọ́n pe obìnrin onídìrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹgbẹ́ mi ni, kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn. Onídìrí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Ìyá aránṣọ, ìtọ̀ yín ń ríná ju ilé mi lọ." Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Dókítà mi, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì fún mi lóyè kankan.

Oṣù lẹ́yìn oṣù, ìmọ́lẹ̀ yẹn ń dínkù. Wọ́n ti fi búrẹ́dì sílẹ̀, wọ́n ti fi mọ́ọ̀tì sílẹ̀, bí wọ́n bá lọ sí àsàlátù tí wọ́n pín ohun mímu, omi ni wọ́n ń gbà. Wọn ò ṣe é nítorí dókítà. Wọ́n fẹ́ kí omi ọmọ wọn ṣókùnkùn lọ́jọ́ Ajé ni. Mo mọ ìyẹn nígbà náà, ohun tó ń dùn mí jù lónìí náà nìyẹn.

Àléébù kan wà lára kẹ́míkà mi, kì í ṣe tèmi nìkan, gbogbo ìdílé ẹ̀ ló ní in. Nínú gbogbo ṣúgà, ti inú èso àti oyin ni wọ́n yàn láàyò. Gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wọ́n á gbà á, ṣùgbọ́n bí ẹni gba àlejò tí kò ránṣẹ́ sílẹ̀. Oyin ni wọ́n máa ń dì mọ́ gidi. Nítorí náà, mo máa ń ra oyin wá sí lábù láti fi wọ̀n wọ́n wò. Irú ìgò kékeré kan náà tí Màámi ń lò ni mo ń bu oyin sí, nítorí ìgò wọ́n ní lábù wa, fífọ̀ la máa ń fọ̀ ọ́ tí a ó tún un lò. Kí n má baà ṣì í mú, mo kán kùtẹ́ẹ̀sì pupa sí orí ìdérí gbogbo ìgò tó bá jẹ́ ti oyin.

Ní ọjọ́ Ajé kan, mo kó ìgò méje tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ fún Màámi. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo ń sáré, mi ò lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ni mo bá gba ìgò lọ́wọ́ wọn, mo gbé e lọ sí lábù. Mo kán kẹ́míkà sí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ tó jáde níbẹ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí látara ìtọ̀. Gbogbo ìka mi di búlúù.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé gúlúkóòsì kò lè tàn bẹ́ẹ̀. Oyin nìyí. Oyin sì wà nílé Màámi lóòótọ́. Àbúrò wọn ọkùnrin ló gbé e wá láti Ṣakí, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ti àlejò ni. Mo ṣírò ó, ó pé: wọ́n ti ń lá oyin ní kọ̀rọ̀, wọ́n wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ̀lú nálọ́ọ̀nù dúdú.

Bàbá kan wà tó ń tọ́jú lábù wa, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá mi tó dé. Wọ́n rí i tí mò ń bọ́ kóòtù mi, wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé oyin téèyàn bá jẹ, oyin náà ni yóò tọ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi lèyí."

Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gba Bódìjà lọ. Ká ní kẹ̀kẹ́ yẹn bàjẹ́ lọ́nà, ká ní sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú wa, bóyá ara mi ì bá rọlẹ̀. Ọ̀nà dá.

Ìyá méjì kan ti mú ọmọ wọn wá wọn yúnífọ́ọ̀mù, onídìrí sì ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé ìgò sókè.

"Màámi, kí lẹ jẹ lánàá?"

Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ. Mo sì jẹ mọ́ínmọ́ín."

"Kí lẹ tún jẹ?"

"Mo jẹ ẹja díẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Oyin ńkọ́?"

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. "Oyin wo? Wàláì, mi ò fẹnu kan oyin."

Mo ní, "Ẹ má fi Ọlọ́run búra nítorí oyin, Màámi. Omi yìí kì í parọ́."

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ohun tí mo sọ àti ohun tí mi ò sọ. Ọmọ Yorùbá kì í wo ojú àgbà kó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Bí àgbà bá tiẹ̀ ń parọ́, àá ní bóyá wọ́n gbàgbé ni. Mo pe ìyá tó bí mi ní onírọ́ lójú oníbàárà wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti búra. Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́, ìbínú ò sì jẹ́ kí n wolẹ̀.

Màámi ò wojú mi. Ìgò ni wọ́n ń wò. Wọ́n bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì. Mo dúró kí n gbọ́ bóyá yóò sáré tàbí yóò rọra lọ, kò ṣe èyíkéyìí. Ó kàn ń lọ.

Mo lọ sílé wọn lọ́jọ́ náà, mo gbé oyin náà kúrò lókè kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e lọ sí Agbowó. Mi ò tiẹ̀ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i. Èmi ni mo ṣí i. Èmi náà ni mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà yẹn, ìgò kò yẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kankan, ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ ò sì ju ti ìmùmùná lọ. Mo ń yin ara mi. Mo ní ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n nílò tẹ́lẹ̀. Ohun tí mi ò kà sí ni pé wọn ò bá mi ṣíjú aṣọ borí mọ́. Wọ́n á nawọ́ ìgò sí mi, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Tí mo bá bi wọ́n pé ara ńkọ́, wọ́n á ní, "Ó dáa." Oúnjẹ ńkọ́? "Ó dáa." Wọn ò pè mí ní Dókítà mi mọ́ náà. Mo rò pé wọ́n ń ṣe kùnrùngbùn ni, pé yóò tán.

Bíi oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, onídìrí ni ó pè mí lórí fóònù. Ohùn ẹ̀ kéré. Ó ní, "Wá wo ẹsẹ̀ ìyá ẹ. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè máa gbóòórùn yẹn kí n dákẹ́."

Ìbọ̀sẹ̀ ni mo bá lẹ́sẹ̀ Màámi, nínú ooru Ìbàdàn, ìbọ̀sẹ̀ dúdú méjì lórí ara wọn. Pínnì kan ló wọ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń rìn láìwọ bàtà láàárín àwọn aṣọ gígé. Wọn ò mọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó bá ti pẹ́ lára máa ń pa ẹsẹ̀ èèyàn kú, iná lè jó o kó má mọ̀. Ìgbà tí wọ́n rí i, ó ti ń ṣọyún. Wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n ń ya àkísà funfun dì í, wọ́n ń tẹ máṣíìnì lórí ẹ̀. Ó ti lé lóṣù kan. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, mo ní láti jáde síta kí n tó lè padà wọlé.

Ọsibítù kan lápá Ring Road la gbé wọn lọ. Dókítà ibẹ̀ wo ẹsẹ̀, ó wò mí, ó ní kí ló dé tí a fi pẹ́ tó báyìí. Nígbà tó jáde, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ń wo ògiri. Wọ́n ní, "Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní kí ni mo jẹ."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé yáàdì méjì ni aṣọ yìí máa gbà ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.

Èmi ni mo lọ kó ẹrù ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ní kí n fún àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù láṣọ wọn padà, èyí tí wọn ò tíì rán àti èyí tó kù díẹ̀. Nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, mo bá ìgò mi kan níbẹ̀, wọ́n kó bọ́tìnnì funfun sínú ẹ̀. Mo gbé e. Kùtẹ́ẹ̀sì pupa wà lórí ìdérí ẹ̀.

Mo jókòó lórí àpótí wọn. Ìdérí olóyin, kí ló gbé e dé Bódìjà? Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ọ̀sẹ̀ tí mo kó ìgò méje yẹn fún wọn, omi ò yọ ní lábù. Garawa omi kan ṣoṣo ni Bàbá bá mi pọn. Mo da gbogbo ìgò sínú abọ́ omi kan, toyin tìtọ̀, mo kó gbogbo ìdérí sínú abọ́ kejì, mo ṣan gbogbo ẹ̀ wéréwéré, mo dé e bó ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí mo dá sí orí ìdérí kò sí lára ìgò. Ìdérí pupa bá ìgò mímọ́ lọ. Ìgò olóyin gba ìdérí mímọ́, oyin tó ti dì sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé e fún ìyá mi pé kí wọ́n tọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ Bàbá wá padà sí mi létí, èyí tí mo fi ẹnu gbá dànù. Ṣúgà oyin tí èèyàn bá jẹ, ẹ̀dọ̀ ló máa ń dá a dúró. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dé inú ìtọ̀. Mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò rí, wọ́n sì fún mi ní máàkì tó dáa. Ká ní Màámi lá odidi ìgò oyin lóru mọ́jú, gúlúkóòsì ni ì bá kún inú ìtọ̀ wọn, kò sì ní tàn bẹ́ẹ̀ yẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó gan-an ni ẹ̀rí pé oyin náà ò gba ara wọn kọjá. Kẹ́míkà mi ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ìyá mi ò jẹ̀bi. Èmi tí mo ṣe é ni mi ò lè kà á. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò tiẹ̀ gbìyànjú. Òórùn ìgò lásán, ká ní mo gbóòórùn ẹ̀, ì bá sọ fún mi pé inú ìgò ni oyin wà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbé ìdérí náà kiri nínú àpò mi kí n tó lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kejìlá, Màámi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nílé, wọ́n ń fi ọwọ́ gán etí híjáàbù kan. Mo fi ìdérí náà sórí ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sì sọ gbogbo ẹ̀, abọ́ omi, kùtẹ́ẹ̀sì, ọ̀rọ̀ Bàbá, ẹ̀dọ̀, gbogbo ẹ̀. Mo ní wọn ò lá oyin.

Wọ́n gbé ìdérí náà, wọ́n fi èékánná ha kùtẹ́ẹ̀sì orí ẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi mọ̀ pé mi ò lá oyin. Ìwọ ni o ò mọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sunkún. Wọ́n jẹ́ kí n sunkún tó. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́, kí n dìde, ṣé mo ti jẹun. Wọ́n sì ń gán híjáàbù wọn lọ.

Wọ́n ti fún mi lóyè báyìí. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí ní Dókítà, títí kan àwọn ará ilé wa ní Agbowó tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìtọ̀ Màámi ò wọ inú ìgò kankan mọ́, abẹ́rẹ́ ìka tí wọ́n ń sá fún náà ni wọ́n gbà. Àràárọ̀ ni mo máa ń lọ síbẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á ti fọ ọwọ́ wọn pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí ẹni ń ṣe àlùwàlá, wọ́n á nù ún gbẹ, kí ohun dídùn kankan má baà kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á na ìka kan sí mi. Tí mo bá fẹ́ gún un, wọ́n á fà á sẹ́yìn díẹ̀.

Wọ́n á ní, "Kọ́kọ́ wò ó ná. Wò ó dáadáa, kó o tó gún un."

Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yéé sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbé ìka náà wálẹ̀. Màá gbá a mú, màá gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, màá wò ó síwá sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.